Ẹ má jẹ́ kí àwòrán orí ọmọ ṣègbé sínú ẹ̀rọ: lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn alákòóso ilé ìwòsàn ńlá nílẹ̀ Yorùbá

Sí ẹ̀yin ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn láti Èkó títí dé Ìlọrin, àti ẹ̀yin olórí ẹ̀ka ẹ́síréè tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ará ìlú.

A kọ lẹ́tà yìí nítorí àwọn ọmọ tí wọ́n bí tí orí tàbí ojú wọn kò rí bó ṣe yẹ kó rí: èyí tí ètè àti àjà ẹnu rẹ̀ là, èyí tí egungun agbárí rẹ̀ so pọ̀ kí ọpọlọ tó dàgbà tó, èyí tí ẹ̀gbẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ kan kéré ju èkejì lọ. Àwòrán 3D, ìyẹn èyí tó ń fi gígùn, ìbú àti jíjìn egungun hàn pa pọ̀, tí èèyàn lè yí síwá-sẹ́yìn lójú kọ̀ǹpútà, ti tún ìtọ́jú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣe láti ìgbà tí àwọn olùwádìí Vannier, Marsh àti Warren ti tẹ iṣẹ́ wọn jáde lórí rẹ̀ ní St. Louis, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ní 1984. A kò wá tọrọ ẹ̀rọ olówó ńlá lọ́wọ́ yín. Ẹ̀rọ CT, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi ìtànṣán ya inú ara ní ègé-ègé, ti wà nínú ọgbà ọ̀pọ̀ nínú yín. Ohun tó ń dùn wá ni pé ẹ̀rọ náà ń kó gbogbo ohun tí àwòrán 3D nílò jọ, a sì ń dà á nù.

Bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Ìyá gbé ọmọ wá, ó sanwó, wọ́n yà á. Ẹ̀rọ ya orí ọmọ náà ní ègé-ègé, bí ẹní gé búrẹ́dì, ègé ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Wọ́n mú ogún tàbí ọgbọ̀n nínú rẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí fíìmù dúdú kan tàbí méjì, wọ́n fi í sínú àpòòwé, ìyá gbé e lọ sílé. Èyí tó kù wà lórí ẹ̀rọ títí ibi ìpamọ́ fi kún, wọ́n á sì pa á rẹ́ kí ti ẹlòmíràn lè ráyè wọlé. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, oníṣẹ́ abẹ bèèrè fún àwòrán 3D kí ó lè mọ ibi tí yóò ti gé egungun. Kò sí nǹkan kan mọ́. Ọmọ padà sórí ẹ̀rọ, ó gba ìtànṣán lẹ́ẹ̀kejì, ìyá sì sanwó lẹ́ẹ̀kejì fún ohun tó ti sanwó rẹ̀ rí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò bí ohun tí a ń pa rẹ́ ṣe tóbi tó. Láti àtàrí dé ìsàlẹ̀ àgbọ̀n jẹ́ nǹkan bíi 200 mílímítà. Bí àwòrán kan bá wà ní 0.5 mílímítà sí èkejì, 400 àwòrán ni. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní hóró (ìyẹn àwọn àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán) 512 ní ìbú àti 512 ní òòró, hóró kọ̀ọ̀kan sì ń gba báìtì 2. Ó jẹ́ ìdajì mẹ́gábáìtì fún àwòrán kan, 200 mẹ́gábáìtì fún gbogbo orí. Fíláàṣì kékeré 8 gígábáìtì á gba ju ọgbọ̀n ọmọ lọ. Díìsìkì 4 tẹ́ràbáìtì kan á gba nǹkan bíi 20,000.

Irú fáìlì tí à ń sọ ni DICOM. Fíìmù kò lè dípò rẹ̀, nítorí pé fíìmù kò ní nọ́ńbà nínú. Nínú DICOM, hóró kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà tí wọ́n fi orúkọ Godfrey Hounsfield pè, ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ kọ́kọ́ ya ọpọlọ aláìsàn ní ilé ìwòsàn Atkinson Morley ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá 1971. Omi jẹ́ 0, afẹ́fẹ́ jẹ́ −1000, egungun líle àgbàlagbà sì máa ń kọjá 1000. Nọ́ńbà yìí ni kọ̀ǹpútà fi ń mọ ibi tí egungun parí sí tí ẹran ara bẹ̀rẹ̀. Bí ẹnì kan bá fi fóònù ya fíìmù, tó sì fi ránṣẹ́ sí oníṣẹ́ abẹ lórí WhatsApp, dúdú àti funfun nìkan ló fi ránṣẹ́. Kò sí kọ̀ǹpútà tó lè fi ìyẹn kọ́ agbárí padà. Bákan náà ni JPEG, ìyẹn fáìlì fọ́tò lásán, tí wọ́n máa ń kọ sórí sídíì nígbà míì.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ wa àkọ́kọ́ ni pé kí ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan kọ ìlànà ojú ìwé kan fún yíyàwòrán orí àti ojú ọmọdé, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí rédíógíráfà (ẹni tó ń fi ẹ̀rọ ya àwòrán) ń jókòó sí. Ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ la fẹ́ sọ wàyí, pẹ̀lú ìdí rẹ̀, torí ìlànà tí kò ní ìdí kì í pẹ́ tí wọ́n fi í gbàgbé.

Ìnípọn ègé kò gbọdọ̀ ju 1 mílímítà lọ. Bí ẹ̀rọ bá lè ṣe 0.625, kí ó ṣe 0.625. Mílímítà 5 tí wọ́n ń lò fún ẹni tó forí gbá nínú jàǹbá ọkọ̀ dára fún wíwá ẹ̀jẹ̀ nínú ọpọlọ, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi í kọ́ 3D, agbárí á rí bí àtẹ̀gùn, ojú ìpàdé egungun á sì fara sin sáàárín ègé méjì. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni pé ẹ̀rọ òde òní ti ya ègé tín-ín-rín náà kó tó tò ó di onípọn. Bí a bá tètè bèèrè, rédíógíráfà lè tún dátà ìpilẹ̀ náà tò ní tín-ín-rín láìfi ìtànṣán kankan kún un. Ṣùgbọ́n dátà ìpilẹ̀ yẹn kì í sábà ju ọjọ́ díẹ̀ lọ lórí ẹ̀rọ. Ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kó wà nínú ìlànà, kó má jẹ́ ohun tí à ń sáré lọ bẹ̀bẹ̀ fún.

Òbìrí ẹ̀rọ, ìyẹn apá rẹ̀ tó rí bí òrùka tí orí ọmọ ń wọ̀, gbọ́dọ̀ dúró gbọnrangandan, ní òdo. Fún ọpọlọ, wọ́n máa ń dá a lé ẹ̀gbẹ́ díẹ̀ kí ìtànṣán má baà gba inú ẹyinjú kọjá; bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún ojú, tí ètò kọ̀ǹpútà kò sì tún un ṣe, agbárí á wọ́ sẹ́yìn, gbogbo ìwọ̀n tí a bá mú lórí rẹ̀ á sì yẹ̀. Kí wọ́n to àwòrán náà lọ́nà méjì: èyí tó rọ̀ fún kíkọ́ 3D, èyí tó mú fún wíwo ojú ìpàdé egungun. Bí a bá fi èyí tó mú kọ́ 3D, ara egungun á ṣe hóró-hóró bíi gaàrí. Agbára iná ẹ̀rọ fún ọmọdé kì í ṣe 120 kílófóòtì ti àgbà. 80 tàbí 100 tó.

Ẹ bọ́ yẹtí. Ó dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n a máa ń lu etí àwọn ọmọbìnrin wa láti kékeré, irin kékeré méjì náà sì máa ń tú ìlà funfun ká gba oríkèé àgbọ̀n kọjá, níbi tí a fẹ́ wò gan-an. Píìnì irun, ìlẹ̀kẹ̀ irun àti dídì tó ga ní ìpàkọ́ náà ń da iṣẹ́ rú, torí orí kò ní lè jókòó dáadáa sínú ìrọ̀rí ẹ̀rọ. Ẹ sọ fún ìyá nígbà tí ẹ bá ń fún un lọ́jọ́, kì í ṣe nígbà tó bá dé ẹnu ọ̀nà. Bó bá jẹ́ àgbọ̀n la fẹ́ wò, ẹ fi pátákó pẹlẹbẹ tí dókítà fi ń tẹ ahọ́n sáàárín eyín òkè àti ìsàlẹ̀, kí méjèèjì má baà fara kanra. Bí wọ́n bá fara kan ara wọn, kọ̀ǹpútà á rí wọn bí egungun kan ṣoṣo, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ á sì fi ọ̀pọ̀ wákàtí yà wọ́n.

Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta kì í sábà nílò oògùn oorun. Ẹ ní kí ìyá má fún un lọ́mú fún wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin, kó wá fún un ní ọmú yó lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀rọ gan-an, kí ẹ fi aṣọ àti ọ̀já dì í pinpin. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni ẹ̀rọ fi ń ya orí. Oorun ọmú ti tó fún un. Bí ó bá di dandan kí a kun ọmọ tó dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ lóorun, òfin ìdákẹ́ oúnjẹ yàtọ̀ pátápátá: wákàtí mẹ́fà fún oúnjẹ tàbí wàrà inú agolo, mẹ́rin fún ọmú. Ẹ má da ìlànà méjèèjì pọ̀, torí ọmọ tó yó tí wọ́n tún kùn lóorun lè bì, kí èébì sì gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ.

A gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ nípa ọmọ tí kò yẹ kí ẹ yà rárá. CT orí ọmọdé kan ń fúnni ní nǹkan bíi 1.5 sí 2 mSv (mílísífáàtì, ìwọ̀n ìtànṣán tí ara gbà), nígbà tí ìtànṣán tó ń ti inú ilẹ̀ àti ojú ọ̀run wá bá olúkúlùkù jẹ́ 2.4 mSv lọ́dún ní ìpíndọ́gba àgbáyé. Kò pọ̀ lójú, ṣùgbọ́n ara ọmọdé ń gba ìpalára rẹ̀ ju ti àgbà lọ, ó sì ní ọ̀pọ̀ ọdún níwájú tí ìpalára náà lè fi yọrí. Ìkókó tí ètè rẹ̀ là lásán kò nílò CT. Ojú àti ọwọ́ dókítà tó. Ọmọ tí ìpàkọ́ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ lápá kan nítorí bó ṣe ń sùn náà kò nílò rẹ̀. Ẹ wo orí ọmọ náà láti òkè. Bí etí tó wà lápá ibi tó tẹ́ bá ti sún síwájú, tí iwájú orí apá náà sì yọ síta, oorun ló fà á, yíyí ọmọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì sì ni ìtọ́jú rẹ̀. Bí etí bá sún sẹ́yìn àti sísàlẹ̀, tí kókó sì yọ lẹ́yìn etí, nígbà náà ni ẹ wá fura sí ojú ìpàdé egungun tó ti dí ní ìpàkọ́. Ìyàtọ̀ yìí kò gba ju ìṣẹ́jú méjì lọ, ó sì ń gba ọmọ púpọ̀ lọ́wọ́ ìtànṣán àti lọ́wọ́ iṣẹ́ abẹ tí kò yẹ.

Àwùjẹ̀ tó ṣì rọ̀ kò túmọ̀ sí pé ojú ìpàdé yòókù kò dí. Àṣìṣe yìí wọ́pọ̀. Wọ́n á tẹ àwùjẹ̀, wọ́n á rí i pé ó rọ̀, wọ́n á ní kí ìyá máa lọ. Nígbà tí èyí tó gba àárín orí kọjá láti iwájú dé ẹ̀yìn bá dí, orí á gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọkọ̀ ojú omi, àwùjẹ̀ sì lè ṣì wà níbẹ̀. Ti iwájú orí yàtọ̀: láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́sàn-án ni òun fúnra rẹ̀ máa ń dí lára ọmọ tó pé, nítorí náà ìlà gogoro lásán níwájú orí kì í ṣe àrùn, àfi tí iwájú orí bá ṣe ṣóńṣó bí ìdí ọkọ̀, tí ojú méjèèjì sì sún mọ́ra. A tún fẹ́ kí àwọn nọ́ọ̀sì tó ń rí ìyá lẹ́yìn ìbímọ fi sùúrù bá àwọn ìyá àgbà sọ̀rọ̀: omi gbígbóná àti títẹ orí ọmọ nígbà ìwẹ̀ kò lè la ojú ìpàdé tó ti dí, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àìtẹ̀ ẹ́ ló fà á.

Àkókò ló ṣe pàtàkì jù nínú ọ̀ràn yìí. Iṣẹ́ abẹ kékeré tí wọ́n ń fi kámẹ́rà ṣe láti yọ ojú ìpàdé tó dí máa ń dára jù kí ọmọ tó pé oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà, nígbà tí egungun ṣì rọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ṣíṣí agbárí ló kù, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀ tí ọmọ máa nílò. Bí ọmọ bá dé ní oṣù kejì, tí wọ́n fún un ní fíìmù onípọn mílímítà 5, tí ó sì di oṣù kẹjọ kí wọ́n tó tún un yà, fíìmù yẹn ti gba ọ̀nà tó rọrùn lọ́wọ́ rẹ̀. Níbi tí dókítà tó mọwọ́ rẹ̀ bá wà, ẹ̀rọ ọ̀tírásáǹdì, irú èyí tí wọ́n fi ń wo oyún, lè fi ojú ìpàdé ìkókó hàn láìsí ìtànṣán. Kí a fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀, kí a wá fi CT ṣe ètò iṣẹ́ abẹ.

Ibi tí àwòrán 3D ti wúlò jù fún wa, tí a sì ti ń fi ojú fò ó dá jù, ni ti àwọn ọmọ tí ètè àti àjà ẹnu wọn là. Àjọ bíi Smile Train ń san owó iṣẹ́ abẹ ètè àti àjà ẹnu ní Nàìjíríà, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ètè tí a ti rán kò sọ pé egungun èrìgì ti dí. Ihò ṣì wà níbẹ̀, eyín tó yẹ kó hù gba ibẹ̀ kò sì ní rí egungun dúró lé. Láti ìgbà iṣẹ́ Boyne àti Sands ní 1972 ni wọ́n ti ń mú egungun rírọ̀ láti inú egungun ìbàdí wá dí ihò náà. Àkókò rẹ̀ ni kí eyín ajá tó hù, ìyẹn eyín ṣóńṣó kẹta láti àárín, nígbà tí gbòǹgbò rẹ̀ bá ti tó ìdajì sí ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ó máa ń bọ́ sáàárín ọmọ ọdún mẹ́jọ sí mọ́kànlá.

Ẹ́síréè eyín pẹlẹbẹ máa ń tanni jẹ níbí. Ó ń fi gíga egungun hàn, kò lè fi bó ṣe nípọn láti iwájú sẹ́yìn hàn. Egungun tín-ín-rín bí ìwé lè dà bí ògiri lórí rẹ̀. Eyín ẹ̀gbẹ́ ihò náà sábà máa ń lọ́, ó sì ń bo ihò mọ́lẹ̀. Ẹ̀rọ CBCT, ìyẹn irú CT kékeré tí wọ́n ń lò fún eyín àti àgbọ̀n, ló yẹ fún iṣẹ́ yìí, irú èyí tí Mozzo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Verona, ní Ítálì, kọ̀wé lé lórí ní 1998. Ọmọ á jókòó, ẹ̀rọ á yí orí rẹ̀ ká fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá sí ogún. Ẹ má ṣí ojú ẹ̀rọ sí gbogbo orí. Sẹ̀ǹtímítà 8 lọ́nà 8 tó, ó tilẹ̀ lè kéré jù bẹ́ẹ̀, hóró 0.2 sí 0.3 mílímítà. Ní irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀, ìtànṣán rẹ̀ sábà máa ń wà nísàlẹ̀ 0.1 mSv. Ọmọ tí kò tíì tó ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà kì í lè dúró jẹ́ẹ́ tó. Bó bá mira, etí egungun á di méjì, wọ́n á sì ní láti tún un yà. Ẹ ṣe ìdánrawò pẹ̀lú rẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ kò ní iná ìtànṣán, kí ó mọ ariwo rẹ̀ àti bó ṣe ń yí, kí ẹ tó yà á ní tòótọ́.

Ohun kan tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń lo CBCT mọ̀: nọ́ńbà inú rẹ̀ kì í ṣe ti Hounsfield. Ó ń yí láti ẹ̀rọ dé ẹ̀rọ, àní láti apá kan àwòrán sí òmíràn. Ẹni tó bá gbé nọ́ńbà tó fi ń ya egungun sọ́tọ̀ lórí CT wá sórí CBCT á rí egungun tí kò sí, tàbí kó pàdánù èyí tó wà. Ojú ni kó fi yàn án, ègé lẹ́yìn ègé.

Lórí àwòrán yẹn, oníṣẹ́ abẹ á wọn bí ihò ṣe tóbi tó, èyí tí kì í sábà jìnnà sí mílílítà kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ó lè mọ iye egungun tí yóò mú ní ìbàdí. Kó mú ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, torí ara máa ń jẹ lára rẹ̀. Á wo ìdí ihò imú bóyá ó rì, á wo bóyá eyín àfikún kan sá pamọ́ sínú ihò náà, á sì wo bí egungun tó bo gbòǹgbò eyín ẹ̀gbẹ́ ṣe nípọn tó. Èyí tó kẹ́yìn yìí ṣe kókó fún dókítà tó ń to eyín: bó bá fi wáyà fa eyín yẹn sínú ihò kí egungun tó wà níbẹ̀, gbòǹgbò á yọ síta, eyín á sì mì. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, oṣù mẹ́fà ni ká tó tún un yà, lójú kékeré, bí èsì rẹ̀ bá máa yí ohun tí a fẹ́ ṣe padà nìkan.

Fún ọmọ tí ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ kan kéré, ìbéèrè tó ga jù ni bóyá oríkèé àgbọ̀n wà, àti ibi tó wà. Pruzansky ló kọ́kọ́ pín in sí ìpele ní 1969, Kaban àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì pín ìpele kejì sí méjì lẹ́yìn náà: oríkèé tó kéré ṣùgbọ́n tó wà ní àyè rẹ̀, àti èyí tó ti kúrò láyè. Ẹ́síréè pẹlẹbẹ kò lè ya méjèèjì sọ́tọ̀ dáadáa, ìtọ́jú wọn sì yàtọ̀. Bó bá jẹ́ fífa àgbọ̀n gùn ni, irú èyí tí McCarthy tẹ ìròyìn rẹ̀ lórí èèyàn jáde ní 1992, mílímítà 1 lójúmọ́ ni wọ́n sábà ń fà á. Àwòrán 3D ló ń sọ ibi tí súkúrù lè wọ̀ láìlu eyín tí kò tíì hù àti láìgé iṣan tó ń jẹ́ kí ètè ìsàlẹ̀ mọ nǹkan lára. Nígbà tí wọ́n bá ń yí ẹ̀gbẹ́ tó dára padà bí ti inú dígí láti fi ṣe àpẹẹrẹ èkejì, kí wọ́n fi ìdí agbárí wá ìlà àárín, kì í ṣe imú tàbí àgbọ̀n, torí àwọn yẹn ti wọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́.

Ọ̀rọ̀ owó. Ètò kọ̀ǹpútà tó ń sọ DICOM di 3D kò yẹ kó jẹ́ ìdènà. InVesalius jẹ́ ọ̀fẹ́. Ilé ìwádìí ìjọba Bràsíìlì ní Campinas ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2001, torí pé àwọn ilé ìwòsàn ìjọba wọn kò lè ra ti olówó iyebíye. Ní orílẹ̀-èdè yẹn kan náà, Yunifásítì São Paulo ti ní ilé ìwòsàn kan ní Bauru láti 1967 tó wà fún irú àwọn ọmọ wọ̀nyí. 3D Slicer náà jẹ́ ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe é sọ ọ́ kedere pé ìwádìí ni wọ́n ṣe é fún. Oníṣẹ́ abẹ àti dókítà ẹ́síréè gbọ́dọ̀ fi àwòrán ìpilẹ̀ yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò kí wọ́n tó gbára lé e. Kọ̀ǹpútà tó ní 16 gígábáìtì ìrántí lè gbé orí ọmọ kan dáadáa.

Pírińtà 3D kékeré á tẹ àgbọ̀n ọmọ jáde pẹ̀lú ike PLA. Ó lè gba wákàtí mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ so ó mọ́ ínfátà. Bí iná bá lọ ní wákàtí kẹsàn-án, ó lè di pé kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ máa retí àṣìṣe mẹ́ta. Egungun tín-ín-rín bíi ti abẹ́ ẹyinjú á di ihò lórí àpẹẹrẹ, bẹ́ẹ̀ kò sí ihò níbẹ̀: hóró tí egungun àti ẹran jọ pín máa ń ní nọ́ńbà tó kéré ju ti egungun lọ. Ẹni tí kò mọ èyí á wéwèé láti dí ihò tí kò sí lára ọmọ. Ìkejì ni ọ̀tún tó di òsì. Ẹ tẹ lẹ́tà kan sára àpẹẹrẹ náà láti inú kọ̀ǹpútà. Ìkẹta ni ìwọ̀n tó yẹ̀: ẹ fi kálípà wọn ibi mẹ́ta, kí ẹ fi wé ti orí CT, bí ìyàtọ̀ bá sì ju mílímítà 1 lọ, ẹ má lò ó. PLA tún máa ń rọ̀ ní nǹkan bí 60 dígírì. Ẹ má gbé e sínú ẹ̀rọ tí ń fi ooru pa kòkòrò, tó ń dé 121 tàbí 134 dígírì. Àpẹẹrẹ PLA wà fún títẹ irin pẹlẹbẹ kọ́ ṣáájú iṣẹ́ abẹ àti fún ṣíṣàlàyé fún òbí. Ohun tó máa kan ara ọmọ lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ résìnì tàbí náílọ́ọ̀nù tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ ìṣègùn.

Àwòrán ojú láìsí ìtànṣán náà wà: kámẹ́rà púpọ̀ tó ń ya ojú lẹ́ẹ̀kan náà, láàárín mílísẹ́kọ́ńdì díẹ̀, kó tó di pé ọmọ mira. Fìlà tó fún mọ́ orí ni kí ọmọ dé, torí irun máa ń da kọ̀ǹpútà rú. Kí ìyá má fi òrí tàbí vásílìnì pa á lójú láàárọ̀ ọjọ́ náà; ibi tó bá ń dán á di ihò nínú àwòrán.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ojú tún ń jẹ wá lọ́kàn. Ọ̀pọ̀ ìwọ̀n tí à ń pè ní “ojú tó dára” nínú ètò kọ̀ǹpútà, ojú àwọn aláwọ̀ funfun ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Àgbọ̀n àti eyín púpọ̀ nínú wa yọ síwájú ju tiwọn lọ, kò sì sí àbùkù kankan nínú ìyẹn. Bí a bá fi ìwọ̀n wọn ṣètò iṣẹ́ abẹ fún ọmọ Òṣogbo, a lè ti àgbọ̀n tó dára sẹ́yìn. Ẹgbẹ́ olùwádìí Azeez Butali ní Yunifásítì Iowa, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ti bá àwọn oníṣègùn Nàìjíríà, Ghana àti Ethiopia ṣiṣẹ́ lórí àbùdá tó ń fa ètè àti àjà ẹnu lílà nínú ẹbí wa. Ìwọ̀n ojú tiwa fúnra wa ló yẹ kó tẹ̀ lé e, àwòrán tí ilé ìwòsàn yín kò bá sì pa rẹ́ ni a ó fi bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. Yíyọ orúkọ kúrò nínú fáìlì kò tó. Bí kọ̀ǹpútà bá kọ́ awọ ojú jáde láti inú CT, ẹni tó mọ ọmọ náà á dá a mọ̀. Òfin ìdáàbòbò dátà Nàìjíríà ti 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ ohun tí ààbò rẹ̀ gbọ́dọ̀ le. Ìyá gbọ́dọ̀ gba fáìlì ọmọ rẹ̀ sọ́wọ́. Ẹlòmíràn tó bá fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ gba àṣẹ ìyá.

Bí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, ẹ ra díìsìkì méjì, kí ọ̀kan wà ní ẹ̀ka ẹ́síréè, kí èkejì wà nínú àpótí tí ń tì ní ẹ̀ka mìíràn. Ẹ fi òǹtẹ̀ yín sí àṣẹ kan ṣoṣo: kí ẹnikẹ́ni má pa àwòrán ojú tàbí orí ọmọdé rẹ́ lórí ẹ̀rọ kó tó wọ díìsìkì méjèèjì, kí ìyá má sì kúrò ní ọgbà láìgba fíláàṣì pẹ̀lú ìwé èsì. A ti kọ ìlànà ojú ìwé kan yẹn sílẹ̀ ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì. Ilé ìwòsàn tó bá fẹ́ ẹ, a ṣe tán láti mú un wá, ká sì bá àwọn rédíógíráfà yín jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ fún ọjọ́ kan, títí ọmọ àkọ́kọ́ á fi gba fáìlì tirẹ̀ lọ sílé.

Àwa ni tiyín,
oníṣẹ́ abẹ, dókítà eyín àti rédíógíráfà tí iṣẹ́ wa jẹ mọ́ orí àti ojú ọmọdé